Bọ́tìnnì Bàbá Rìsì Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, Ungwan Dosa

Wọ́n ní kí Alhaji, ọ̀rẹ́ ọkọ mi, sọ ìtàn ìdíje gọ́ọ̀fù gbogbo orílẹ̀-èdè fún àwọn àlejò ní pápá gọ́ọ̀fù lónìí. Ó ń pe orúkọ àwọn tó gba ife rẹ̀ lọ́dọọdún bí ẹni ń ki oríkì. Nígbà tó kan ọdún tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílùú, ó ní, "Ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó gbà á," ó sì fò ó.

Kò sẹ́ni tó gbà á kẹ̀! Ta ló ń ṣíwájú nígbà tí èéfín ìjà yọ ní àdúgbò Kinkinau? Ṣebí Bàbá Rìsì, ọkọ mi, ni. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ihò. Ó já bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ fi sàmì sípò bọ́ọ̀lù náà kó tó mú un, bí wọ́n ti máa ń ṣe, ó ní òun ń lọ gbé ìyá òun, òun ń bọ̀.

A ò rí i mọ́.

Iyanrìn ni wọ́n tẹ́ sí ibi ihò náà nígbà náà, koríko ti bò ó báyìí. Bí èmi àti Rìsì ṣe ń kọjá níbẹ̀ lọ sílé, mo yà bàrà. Wọn kì í tẹ ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù ẹni tí kò tíì gbá tirẹ̀ wọ ihò.

Rìsì wò mí. "Mama, lafiya?"

"Lafiya lau, kò sí nǹkan kan."

Ṣé kí n sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ló ṣì kàn láti gbá?