Iná Tí A Rà fún Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? A dúpẹ́ pé a jí, ẹsẹ̀ ṣì ń gbé wa. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi kò tó. Bíríkìlà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní kí n kí ọ.

Mo ti gbọ́ iṣẹ́ tí o rán pé kí n ra iná tuntun fún ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ, nítorí ó ń sọ fún ọ lójoojúmọ́ pé òkùnkùn ò jẹ́ kí òun rí màṣíìnì ìránṣọ tí òun ń tún ṣe. O mọ yàrá ẹ̀yìn yẹn, àjà rẹ̀ kò ga, ẹni tó bá ga díẹ̀ á tẹrí ba kó tó wọlé, gílóòbù tó wà lẹ́yìn orí bàbá rẹ sì ń jẹ́ kí òjìji orí rẹ̀ bo iṣẹ́ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi ní kí n ra iná LED pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àjà, kó má baà gbá ẹnikẹ́ni lórí.

Mo lọ. Ọmọ mi, bí rìbọ́nì ni wọ́n ṣe ká a, àlùmágàjí ni wọ́n sì fi ń gé e. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tà á bóyá iná ò ní máa jò dànù níbi tí a bá gé, ó ní rárá, kí n ṣáà gé e lójú àmì. Ó bi mí pé ṣé ìmọ́lẹ̀ tó gbóná ni mo fẹ́ tàbí èyí tó tutù. Mo ní ooru yàrá yẹn ti tó, kó fún mi ní tútù. Mo rí 6500 lára páálí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná an wá sílẹ̀, ó ní ìyẹn kì í ṣe owó, pé àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Mo ní kó bá mi dín àwọ̀ náà kù.

Bíríkìlà ló bá wa lẹ̀ ẹ́. Ó nu eruku àjà, ó tò ó sí òkè tábìlì, níwájú, kí òjìji má baà bo iṣẹ́ mọ́. Nígbà tó tàn án, mo fọwọ́ bojú. Mo rí abẹ́rẹ́ tó ti sọnù láti ọjọ́ pípẹ́ ní igun yàrá. Bàbá rẹ jókòó, ó mú nọ́ọ̀tì kékeré kan, ó ń fi àtàǹpàkò wá ihò rẹ̀, kò rí i. Ó wá béèrè pé ṣé gbogbo rẹ̀ ló ti tàn yẹn. Bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohùn tí ọkọ mi fi ń ṣàwàdà.

Lẹ́yìn tí bíríkìlà lọ, mo bi í léèrè. Ó ní ojú òsì ti lọ láti ìgbà òjò, pé ọ̀tún náà ń ríran bí ẹni tó ń wo nǹkan láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Mo ní kí ló wá dé tó fi ń pariwo iná. Ó ní nítorí pé iná ṣe é rà ni.

Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún bíríkìlà, ó ní dókítà máa ń wo èèyàn lórí fóònù báyìí. Mo gbé fóònù sí ojú bàbá rẹ, mo tẹ̀ ẹ́, ohùn obìnrin kan jáde pé owó wa kò tó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà kọ́kọ́ wò ó ná, pé ọmọ wa ń bọ̀ wá san án. Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ. Èèyàn líle ni.

Ní báyìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń jókòó sí. Ó máa béèrè ibi tí eyín màṣíìnì ti jẹ, mo máa wò ó, mo máa sọ fún un, ọwọ́ rẹ̀ á sì ṣe ìyókù. A parí ti aránṣọ òpópónà lánàá, ó ń ránṣọ geere. Nígbà tí aránṣọ náà gbé e lọ tán, bàbá rẹ di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ó ní kí n má sọ fún ọ, kí o má baà dààmú. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà. Jọ̀ọ́, wá owó ọkọ̀ àti ti dókítà ojú, kí o sì fọwọ́ ara rẹ mú un wá. Má fi sí báǹkì, àwọn ará báǹkì ò ní lè fa bàbá rẹ lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọlọ́run á bá ọ ṣe é. Àwọn ọmọ tìrẹ náà á dúró tì ọ́ lọ́jọ́ alẹ́. Láàárọ̀ yìí, bàbá rẹ bi mí bóyá irun orí rẹ ti ń funfun. Mo ní díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i. Jọ̀ọ́ ọmọ mi, ọ̀sán ni kí o dé, kí oòrùn ṣì wà lókè.

Èmi ni ìyá rẹ.