Ìkẹ́dùn Lórí Ojúlówó, Ọ̀gá Aránṣọ Wa

Sí Baba, ọkọ olóògbé, àti gbogbo ọmọ,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, èyí tí ọpẹ́ kò jẹ́ kó borí wa, ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ aránṣọ fi gbọ́ pé ìyá wa, Ojúlówó, ti sùn nínú ilé wọn, láàárín ẹ̀yin tí wọ́n fẹ́ràn.

Ẹ mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá. Nígbà tí jẹjẹrẹ wọ ojú òsì wọn, tí àwọn dókítà sì yọ ojú náà, a rò pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Àfi bí ìyá ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, tí wọ́n ní, "Kí lẹ ń sunkún sí? Abẹ́rẹ́ tó ń bọ́ gbogbo wa, ojú mélòó ló ní? Èyí tó kù yìí ni ojúlówó!"

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àrùn náà rìn dé ẹ̀dọ̀. Oníṣẹ́ abẹ ṣàlàyé pé apá kan ṣoṣo ló bà sí, pé òun lè gé e kúrò, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níbẹ̀. Baba, ẹ̀yin lẹ di ìyá lọ́wọ́ mú dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù o, kí n lè rí ẹ̀dọ̀ fi lé orí òróòǹro." Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni dókítà fi wọlé.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Egbò kò tíì jinná tán tí ìyá ti ń ráhùn pé aṣọ aláìsàn ọsibítù yẹn kò bo ìdí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gé tuntun tí a ń so lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ láti rán an. Títí dòní, aláìsàn kankan kò fọwọ́ di ẹ̀yìn mú rìn mọ́ ní wọ́ọ̀dù yẹn.

Nígbà tí àrùn tún padà dé, tí apá abẹ kò ká a mọ́, ìyá kò bara jẹ́. "Èrè ni mo ti ń jẹ láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yẹn," ni wọ́n sọ fún wa.

Aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n gé sílẹ̀ fún àbíkẹ́yìn yín wà lọ́wọ́ wa. A ó rán an parí, a ó sì wá jó níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mì, nítorí àṣẹ tí wọ́n pa fún wa nìyẹn.

Kí Ọlọ́run tó yá wa ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ rọ̀ yín lọ́kàn, kí ó ṣe olùtùnú fún Baba lójoojúmọ́, kí ó sì jẹ́ kí ìró ẹ̀rín tètè gba ilé yín kan. Àmín.

Alága,
lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́ aránṣọ