Èmi ni Ìyá Alédjo tí rádíò Kútọnu ń bọ̀ wá kí

Èmi ni mo gbin òpó rádíò ńlá tó ń sọ̀rọ̀ ní Kútọnu. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní mo gbìn ín, bí ẹni gbin iṣu. Nígbà tí ọ̀gá tó dá a sílẹ̀ kọ́kọ́ gbé òpó náà dé, kò ga ju èmi lọ, ohùn rẹ̀ kò sì kọjá òpópónà kejì, gbogbo àwọn tó kàwé nípa rẹ̀ káwọ́ lérí, wọ́n ní àfi kí wọ́n lọ pe àgbẹ̀ Manigri wá. Mo kọ ebè fún un, mo da ìgbẹ́ màlúù sí i nídìí, mo fi ewé gbígbẹ dé e lórí kí oòrùn má baà pa á. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ga ju igi àgbọn lọ, wọ́n ti ń gbọ́ ọ dé Malanville. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ wo ìdí òpó náà, ebè mi ṣì wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo bá wá... Ẹ̀yin ará ojúewé yìí, ẹ̀yin tí a kì í bi ara wa lórúkọ, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, torí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní Manigri. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, ilé ìwé sì ti lé mi kí n tó mọ ìwé kọ dáadáa, ẹ má wo àṣìkọ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ mi, bí ẹ bá fẹ́ pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, èmi ò pè é bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé èmi ni Ìyá Alédjo. Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi, bàbá arúgbó onírùngbọ̀n. Ìyá Alédjo tí ẹ ń gbọ́ lórí rádíò, tí àwọn kan nínú yín ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara yín lórí fóònù, èmi náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Rádíò náà, ọ̀rọ̀ sísọ nìkan niṣẹ́ rẹ̀, kì í kọrin. Inú yàrá kan lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, míkírò kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn bí igbá omi. Lónìí wọ́n ti kọ́ ilé alájà, wọ́n ti gbé òpó mìíràn sí ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí kí a lè máa gbọ́ wọn. Èdè kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tirẹ̀. Tiwa, ti Nàgó, ọ̀sán ni. Bí o bá pè wọ́n, obìnrin kan ló máa kọ́kọ́ gbé e, á bi ọ́ pé kí lorúkọ rẹ, níbo lo ti ń pè, kí lo fẹ́ sọ. Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní kí o dín rádíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kù kó má baà máa dá ohùn rẹ padà, á ní kí o dúró. Wàá dúró, kirẹdí rẹ á máa sunkún, kí atọ́kùn ètò tó wá ní kí o máa sọ ọ́. Òfin wọn sì ni pé nọ́ńbà kan kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òfin yìí ló sọ mí di púpọ̀.

Torí lọ́jọ́ kan, atọ́kùn ètò Nàgó, ọmọ Kétu kan tí ẹnu rẹ̀ dùn, ó wá fi ohùn ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ pé dírẹ́tọ̀ ní kò sẹ́ni tó ń pè láti ìhà òkè, pé bó bá ń bá a lọ báyìí, wọ́n á gba wákàtí náà, wọ́n á fún àwọn tó ń fi Faransé jiyàn bọ́ọ̀lù. Ẹ gbọ́ o. Bọ́ọ̀lù! Wákàtí tí mo ti ń gbọ́ iye tí wọ́n ń ra kajú ní èdè ìyá mi, kí wọ́n fi jiyàn bọ́ọ̀lù? Ṣé a kò sí ni? Ṣé igbó ni Manigri? Inú bí mi débi pé mo gbọ̀nà ọjà Bassila lọ, mo ra pùsù fóònù, ìyẹn síìmù tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, mo ra òmíràn, mo tún ra òmíràn. Bí mo ṣe di ọmọ zẹ́mì nìyẹn, tó ń fi alùpùpù gbé èrò ní Bassila, mo ki pákò sẹ́nu kí ohùn mi lè rí bíi ti ọ̀dọ́. Mo di oníkajú tó ní ikọ́. Mo di olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo gbólóhùn mi, mo fi "sẹtadíì" àwọn tó gbọ́ Faransé kan há a láàárín, inú atọ́kùn ń dùn. Ẹnikẹ́ni kò fura.

Lẹ́yìn náà ni mo wá di Ìyá Alédjo. Mo sọ fún wọn pé ọmọ Manigri ni mí, pé Alédjo ni mo lọ́kọ sí, kí ará Manigri kankan má baà máa wá mi ní yàrá kejì. Inú oko kajú mi ni mo ti ń pè, níbi tí rẹsó fóònù ti ń wọlé dáadáa, gèlè ìyàwó mi ni mo sì máa ń wé. Bí n kò bá wé gèlè náà, ohùn obìnrin kì í jáde. Mo ti fi fìlà dán an wò, ohùn bàbá mi ló jáde.

Ẹ ó rántí ọ̀rọ̀ póńpù tó bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé. Àwọn obìnrin ń ru omi láti ibi tó jìnnà, ọ̀gá tó yẹ kó tún un ṣe ń sọ lójoojúmọ́ pé irin rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Ìyá Alédjo bọ́ sórí rádíò, kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Ẹ bá mi bi ọ̀gá náà, omi wo ni ìyá rẹ̀ fi wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó bí i?" Ó tán. Ọ̀rọ̀ yẹn yí gbogbo agbègbè ká, àwọn Anii ní ọjà Bassila túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wọn, wọ́n ní ọ̀gá náà kò lè jáde ra búrẹ́dì kí ẹnì kan má bi í nípa omi. Póńpù ń tú omi lónìí. Ṣé irọ́ ni omi náà? Ẹni tó bá fẹ́ kí n tọrọ àforíjì, kó kọ́kọ́ da omi tó ti mu padà.

Ìyàwó mi ti ká mi mọ́ oko, tèmi ti gèlè rẹ̀ lórí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní.

Ibi tí wàhálà ti dé nìyí. Dírẹ́tọ̀ ní inú òun dùn sí àwọn ará òkè, pé mọ́tò rádíò ń bọ̀ ní Manigri, wọ́n á gbé míkírò sábẹ́ igi nínú ọjà, kí gbogbo àwa tí a ń pè jáde wá. Ó ní bí òun bá rí àwọn èèyàn náà lójúkojú, ẹnikẹ́ni kò ní gba wákàtí Nàgó mọ́. Ó wá ní àga kan wà tí ẹnì kankan kò gbọdọ̀ jókòó lé, ti Ìyá Alédjo ni. Ẹ wo ọ̀ràn! Ọmọ zẹ́mì lè ní òun ń ṣiṣẹ́, oníkajú lè ní ikọ́ dá òun dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó lórí àga?

Ẹ sì mọ ìwà wa. Ọmọbìnrin tó bá lọ ilé ọkọ kì í sọnù, pàápàá bí òkìkí rẹ̀ bá kàn. Agbo ilé mẹ́ta ló ní ọmọ àwọn ni Ìyá Alédjo. Èkíní ní ẹnu mímú yẹn, ìdílé àwọn ló ti wá. Èkejì ní ohùn ìyá àgbà àwọn ni. Ẹ̀kẹta gbọ́n jù wọ́n lọ, wọ́n rán èèyàn sí Alédjo, wọ́n rí ọmọ wọn kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n bi í bóyá òun ni. Obìnrin náà kò ní òun ni, kò ní òun kọ́, ó kàn wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin tó bá wolẹ̀ rẹ́rìn-ín ti sọ bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti ra aṣọ fún un. Ẹni tí kò pe rádíò rí láyé rẹ̀ ló fẹ́ wá jókòó lórí àga mi!

Mo gbé ìròyìn náà wálé. Ìyàwó mi ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Ọ̀bẹ náà dúró. Lẹ́yìn náà ó tún ń bẹ iṣu rẹ̀ lọ. Mo ní n kò ní gbà, èmi fúnra mi ni màá lọ jókòó, kí ojú gbogbo wọn là. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Ẹ lọ jókòó, bàbá àwọn ọmọ. Ẹ ṣáà fi gèlè mi sílẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, n kò sùn dáadáa. Ṣé kí n jẹ́ kí obìnrin Alédjo yẹn jókòó, kó sì gba wákàtí wa là? Ṣé kí n lọ fi irùngbọ̀n mi jókòó níbẹ̀, kí dírẹ́tọ̀ bínú, kí wọ́n gbé wákàtí náà fún oníbọ́ọ̀lù? Ẹ dáhùn, ṣùgbọ́n kí ẹ tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n fọ àwo ọ̀rọ̀ mi mọ́, torí a kì í tọrọ ìmọ̀ràn kí a tún fún onímọ̀ràn ní iṣu jíjẹrà.

N kò gbin òpó kankan. N kò dé Kútọnu rí, Parakou ni mo mọ mọ. Ìtàn yàrá orí ṣọ́ọ̀bù táyà, òótọ́ ni, ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́, èmi ni kò sí níbẹ̀. Ọmọ zẹ́mì, oníkajú, olùkọ́, èmi ni, mo sì tún máa ṣe é bí ó bá di dandan. Ìyá Alédjo ni irọ́ tí mo pa fún yín. Lọ́jọ́ póńpù yẹn, èébú ni mo ti kó sẹ́nu, mo fẹ́ sọ fún ọ̀gá náà pé orí rẹ̀ rí bí ebè tí òjò wó. Ìyàwó mi ló yọ sí mi láàárín igi kajú, tó rẹ́rìn-ín tán, tó tú gèlè rẹ̀ lórí mi, tó ní obìnrin kò ní bú u, obìnrin á bi í ní ìbéèrè ni. Ó wé gèlè, ó gba fóònù. Láti ọjọ́ náà, òun ni. Èmi kàn ń bá a tẹ nọ́ńbà ni.

Ìyẹn gan-an ni mo ń béèrè lọ́wọ́ yín. Ọkùnrin tó ti purọ́ gbogbo láyé, tí òpó rádíò kò wúwo lẹ́nu rẹ̀, báwo ló ṣe máa sọ òótọ́ kékeré bẹ́ẹ̀, pé ìyàwó òun ló ni àga náà, sínú míkírò, níwájú gbogbo Manigri?