Ìyá Ràfátù Nìkan Lójú Ìwé

Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án 2025
Wọ́n gbé èèpo iwájú ìwé ìròyìn wa lé mi lọ́wọ́! Èmi, Mutmainah! Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń to ìpolówó ọṣẹ àti oògùn jẹ̀díjẹ̀dí sẹ́yìn Orin Àdúgbò, ìwé ìròyìn orin wa ní Onírèké. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Bọ́láwárìn, ní kí n ya ti oṣù yìí. Ọ̀gá Fi-Kún-Un ni mo ń pè wọ́n nínú ìwé ìrántí mi yìí — wọn ò lè rí àyè òfìfo kí wọ́n má wá nǹkan dí i. Mo ń dá rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò títí mo fi délé ní Bódìjà. Arákùnrin kan sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ìṣẹ́gun, 2
Ìyá Ràfátù la fẹ́ gbé jáde. Olórin wákà ni wọ́n, ẹja yíyan ni wọ́n ń tà ní Ẹlẹ́yẹlé. Mo bá wọn nídìí ààrò, èéfín bolẹ̀, wọ́n ń kọrin sí ẹja. Mo yọ fóònù. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí, jẹ́ kí n lọ wọ léèsì mi." Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ọ́ lọ." Fọ́tò mẹ́tàdínlógójì. Ọ̀kan ṣoṣo ló dáa — ẹnu là, ojú dì, ọwọ́ lókè. Háà!

Ọjọ́bọ̀, 4
Ìjà dé. Mo fi ìyá nìkan sí àárín, àwọ̀ aró yí wọn ká, ìlà ọ̀rọ̀ kan péré lábẹ́: Ẹ Dákẹ́, Ẹ Gbọ́. Ọ̀gá yọ awò ojú. "Mutmainah, ibí yìí ṣófo. Fi kún un! Olórin mẹ́fà sí i, àkọlé mẹ́jọ, pupa, yẹ́lò!" Ẹnu mi kàn yọ ni: "Ọ̀gá, tí gbogbo wọn bá ń pariwo, ta la máa gbọ́?" Ọ̀gá wò mí, wọ́n wo fọ́tò ìyá. "Ó dáa. Tí kò bá tà, ìdí ọṣẹ lo ń padà sí."

Ẹtì, 5
Ó ti wà nílé ìtẹ̀wé. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́rú, 10
Ìwé wa jáde lónìí. Mo lọ fara pamọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Godswill tó ń ta ìwé ìròyìn ní Dùgbẹ̀. Àwọn ìwé yòókù — orí lé orí, àkọlé gun àkọlé — ojú kàn ń yọ̀ kọjá lórí wọn ni. Ọkùnrin kan kọjá. Ó dúró. Ó fẹ̀yìn rìn padà! Ó ní, "Kí ni màmá yìí ń kọ ná?" Godswill ní, "Rà á, kó o kà á." Ó rà á! Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì tún dé. Ọ̀kan ní ó ń ṣe òun bíi pé òun ń gbọ́ ohùn wọn. Mo fò sókè, mo tẹ alábàárù kan lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì ń fi ẹ̀rín bẹ̀ ẹ́.

Àbámẹ́ta, 13
Ọ̀gá pè: kò ku ẹyọ kan ní Dùgbẹ̀, àwọn tó ń tà á ní Challenge ń béèrè sí i. Wọn ò yìn mí o. Wọ́n kàn ní, "Ti oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́, kí ni ká yọ kúrò?" Yọ kúrò! Ọ̀gá Fi-Kún-Un!

Àìkú, 14
Mo mú ti ìyá lọ fún wọn. Wọn ò mọ̀wé kà. Wọ́n gbé e sórí itan. Nígbà tó yá, wọ́n ní Rasheed, àkọ́bí àwọn lọ́kùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, kò ya ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ láti èṣí: orin ìdí ẹja ń tì í lójú. Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin kan fi wọlé, ìwé wa méjì lábíyá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú.

"Ìyá mi, níbi iṣẹ́, wọ́n ń bi ara wọn pé ta nìyí. Mo ní ìyá mi ni."

Rasheed jókòó sórí àpótí ẹja tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"Ẹ kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò tíì jókòó gbọ́ ọ rí."

Wọ́n kọ ọ́.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo wọ̀ bọ̀, Jẹ́ríkò ló gbé mi lọ dípò Bódìjà. Orin ìyá ló kún etí mi, mi ò tiẹ̀ bi awakọ̀ níbi tó ń lọ.