Súwẹ́tà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ààrò Bísíkíìtì

Ilé iṣẹ́ wa gba ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi gbọ́, wọn kò gba èmi tí mo ni ẹ̀jẹ̀ gbọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, nítorí ìyẹn ni mo ṣe ṣe ohun tí mo ṣe, ọkọ mi kò mọ̀, ìyá tó bí mi kò mọ̀... mo ti dá oògùn mi dúró. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dá a dúró ni.

Kẹ́místírì ni mo kà ní yunifásítì. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu ààrò ni mo máa ń dúró sí, èmi ni mò ń wò ó bóyá bísíkíìtì jinná dọ́gba. Kí SAP, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, tó dé ni gẹ̀gẹ̀ yọ sí mi lọ́rùn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n yọ ẹran inú ọ̀fun tó ń mú kí ara èèyàn gbóná kúrò. Láti ìgbà náà, hóró oògùn funfun kékeré kan tó ń ṣe iṣẹ́ ẹran náà ni mò ń gbé mì láràárọ̀ kí n tó fẹnu kan oúnjẹ, n kò yẹ̀ ẹ́ rí. Dókítà kílíníìkì ilé iṣẹ́ ń gba ẹ̀jẹ̀ mi, èsì ń jáde pé ó dára. Ó dára... àmọ́ òtútù ń mú mi lẹ́nu ààrò! Níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì nítorí ooru, èmi wọ súwẹ́tà. Ojú mi wú, irun mi ń já sínú kóòmù, ohùn mi ki bí ohùn ọkùnrin, oorun ń gbé mi lórí ìdúró, màá dé ìdí ẹ̀rọ, màá gbàgbé ohun tí mo wá ṣe. Bí mo bá ti ṣàlàyé, dókítà á tún ju ìwé yẹn síwájú mi: "Madam, ẹ̀jẹ̀ yín normal. Ẹ lọ ṣiṣẹ́." Ṣé ẹ̀jẹ̀ ló ń gun àtẹ̀gùn ni, àbí èmi?

Sísanra yẹn ló wá burú jù. Nínú ìlú tí a wà yìí, tí eegun ọrùn gbogbo èèyàn ti yọ síta, ta ló tún ń sanra bí kò ṣe sójà àti olè? Èmi tí mò ń jẹ ẹ̀kọ kan dalẹ́ ń wú bí búrẹ́dì Agége. Wọ́n sọ mí ní Ìyá Súwẹ́tà. Wọ́n ní SAP kò mọ ojúlé mi, wọ́n ní bọ́tà ilé iṣẹ́ ni mò ń lá. Ní géètì wa, wọ́n máa ń yẹ ara òṣìṣẹ́ wò kó tó relé, obìnrin kan ló sì ń yẹ àwa obìnrin wò. Tẹ́lẹ̀, báàgì mi nìkan ló máa ń fọwọ́ pa. Mánéjà ẹ̀ka wa ló pàṣẹ pé kó yẹ̀ mí wò fínnífínní. Obìnrin náà ní kí n bọ́ súwẹ́tà níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tí mò ń darí lẹ́nu ààrò. Ó fún ikùn mi, ó ń wá bísíkíìtì. "Ẹ má bínú o, Ìyá Súwẹ́tà, ẹran ara yín ni mo dì mú, mo ṣe bí páálí ni." Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Mánéjà náà rẹ́rìn-ín. Wọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀, lọ́jọ́ kejì wọ́n tún yẹ̀ mí wò.

Wọ́n ti wá ń dín òṣìṣẹ́ kù báyìí. Mánéjà ní ọ̀lẹ ni mí, kí wọ́n fi tèmi ṣe àkọ́kọ́. Mo fẹjọ́ sun àwọn ọ̀gá lókè, wọ́n ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i: bó bá fi àìsàn hàn, wọ́n á gbé mi lọ síbi tí mo ti lè jókòó ṣiṣẹ́, bó bá tún dára, kí n máa lọ sílé. Ilé wo? Ilé iṣẹ́ aṣọ tí ọkọ mi wà ti kógbá wọlé, iṣẹ́ mi yìí la fi ń jẹun. Ọkọ mi gan-an ní, "Dókítà ló ní o ò ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ ta ni kí n wá gbà gbọ́?"

Ìgbà yẹn ni mo rò ó pé bó bá jẹ́ ìwé ni wọ́n fẹ́, màá fún wọn níwèé. Mo ti ìgò oògùn sẹ́yìn gáàrì. Ọgbọ́n náà sì ń ṣiṣẹ́... Ahọ́n mi ti wúwo. Mò ń bá ọmọbìnrin mi sọ̀rọ̀, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti sùn ni?" Lánàá, ọwọ́ mi kan irin ẹnu ààrò, òórùn ara mi tó ń jó ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó mọ ìrora.

Mọ́ńdè ni wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n gbé oògùn mì lónìí kí n padà di ọ̀lẹ, àbí kí n fara dà á di Mọ́ńdè kí n lè di aláìsàn? Bí mo bá ṣubú sínú ẹ̀rọ kó tó di ọjọ́ náà ńkọ́?

Mánéjà, kí lẹ rí nínú ikùn mi? Ẹ sọ ọ́ síta. Àti ẹ̀yin, dókítà, ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo ti rí i lórí tábìlì yín. Ẹ dá mi lóhùn níbí, lójú gbogbo ayé: láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń fa ẹ̀jẹ̀ mi, ǹjẹ́ ẹ ti di ọwọ́ mi mú rí, kẹ́ ẹ mọ bó ṣe tutù tó?