Asẹ́ Gààrí Ilé Fálolú: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Morádéyọ̀ Ìbítáyọ̀ (1968–2025)

Ní ọdún 1978, asẹ́ gààrí ya ní ilé Fálolú ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Èérún gbágùúdá tí kò kúnná bọ́ sínú gààrí, Àlàájà Kúbúrátù tó ń rà á sì dá gbogbo àpò padà. Baba bi àwọn ọmọ wọn méjèèjì pé ta ló ya á. Morádéyọ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, nàka sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Baba ní, “Ọwọ́ tó ya asẹ́ ni yóò máa sẹ́ gààrí.” Ìwé karùn-ún ni Bọ̀wálé, ẹ̀gbọ́n náà tó ń kọ ìtàn yìí, wà nígbà náà. Kò padà sílé ìwé mọ́. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí ó yọ èyí kúrò. Kò yọ ọ́.

Pa Harold àti Ìyáàfin Matilda Fálolú ló bí olóògbé ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta, ọdún 1968. Ó ka girama ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ oògùn. Ní 1995, ó fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Frederick Ìbítáyọ̀, ará Òdogbolù. Bọ̀wálé kò lọ síbi ìgbéyàwó náà.

Oògùn jẹjẹrẹ ni iṣẹ́ rẹ̀. Oògùn náà a máa ba ibi tó dá ṣáṣá lára jẹ́ pẹ̀lú. Irun a re, aláìsàn a máa bì. Olóògbé ń di oògùn sínú ẹyọ ọ̀rá tíntìnní, irú ọ̀rá tó wà lára ẹran, kí ó má baà kan ibi tó dá ṣáṣá. Bí a bá to ẹgbẹ̀ta rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò fẹ̀ ju fọ́nrán irun kan lọ. Ara eku ló ti ń dán an wò títí ó fi kú.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni. Lọ́dọọdún, ó ń kọ́ àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú-Imuṣin bí wọn yóò ṣe máa yẹ ọmú wọn wò.

Àìsàn ránpẹ́ ló mú un lọ. Ó fi ọkọ sílẹ̀, àti ọmọ méjì, Jessica àti Ṣèyífúnmi, ọmọ-ọmọ kan, àti ẹ̀gbọ́n kan.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ní 2023, olóògbé ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dá ṣáṣá dà bí asẹ́ tuntun, ẹyọ oògùn kò lè gbà á kọjá. Ti kókó jẹjẹrẹ ti ya, ibẹ̀ ni oògùn ń gbà wọlé. Ìyá Wálé, obìnrin kan tó ń ta gààrí lọ́jà, rẹ́rìn-ín láti ìjókòó rẹ̀: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà sẹ́ gààrí rí ni?”

Olóògbé dá a lóhùn. Ó ní, “Rárá, mà. Èmi ni mo ya asẹ́ wa. Mo gun orí rẹ̀ ṣeré. Bùrọ̀dá Bọ̀wálé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo parọ́ mọ́ wọn.”

Bọ̀wálé wà ní ìlà ẹ̀yìn. Ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò fèsì títí olóògbé fi kú.

Àbúrò mi, mo gbọ́. Máa sùn ní àlàáfíà Olúwa.