Erin Onírun Lórí Wàláà Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì ti ń bẹ̀ yín kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Wàláà yín tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pákó tí ẹ fi ń kọ Kùránì, mo ya erin sí i.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí le. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti lọ ni kànga wa ti ń mú ẹrẹ̀ jáde, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba sì ń sùn lórí ìjókòó. Òyìnbó tó ń bojú tó ilé ẹ̀kọ́ náà ní ìwé kan tí wọ́n ya àwọn ẹranko sí, àwọn tó ti kú run láyé àtijọ́, tó jẹ́ pé egungun wọn nìkan ni wọ́n ń hú nínú ilẹ̀. Mo ní kí n fi wọ́n ṣe ìwé ẹ̀rín fún àwọn ọmọ, bí ooru ṣe fojú wọn rí màbo. Erin kan wà níbẹ̀ tí irun bò ó bí àgbò. Nínú àwòrán tèmi, mo mú un lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Abẹ mẹ́ta ló kú mọ́ ọn lára, etí kan péré ni wọ́n sì tíì rí fá. Alángbá ńlá kan wà tí ọrùn rẹ̀ gùn gbọọrọ: ẹnu rẹ̀ ti ń mumi nínú odò Àsà, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń jóná nínú oòrùn ní ọjà Ìpàta. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí oorun fi dá lójú wọn.

Bébà wọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́kọ́ yà wọ́n wò lórí wàláà. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí n ya ohun ẹlẹ́mìí. Ẹ kò sì fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ibẹ̀ lẹ kò ti bi mí mọ́ pé ibo ni mo ka Kùránì dé. Mo máa ń wá jókòó síbi tí ẹ ti ń gé gègé ìkọ̀wé yín, bóyá ẹ ó bi mí. Ẹ ó gé e tán, ẹ ó fẹ́ ẹ̀rún rẹ̀ dànù, ẹ ó dìde. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ń dúró dè yín?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibà mú Rámátù, ọmọ mi tí ẹ kò rí. Mi ò sí nílé. Ojú Ìyá ti ń ṣe bàìbàì báyìí. Wọ́n rí tàdáwà lórí wàláà, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ Kùránì ni mo kọ fún ọmọ náà, bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́ fún àwa náà tí ara wa kò bá yá. Wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ sínú igbá, wọ́n sì fún un mu. Erin, onígbàjámọ̀, abẹ, gbogbo rẹ̀ ló wọ ikùn ọmọ.

Kí n tó dé, ibà náà ti lọ. Ìyá di ọwọ́ mi méjèèjì mú, omi ń bọ́ lójú wọn.

“Alihamidulilahi! Ọwọ́ bàbá ẹ ló bọ́ sí ẹ lọ́wọ́ yìí. Ohun tó ń retí nù-un títí ó fi jáde láyé.”

Bàbá, ọdún mélòó ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn? Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, inú mi sì dùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyá ọlọ́mọ kan láti agbo ilé kejì gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná wá, ó mú igbá dání. Ojú tì mí. Mo ní kó lọ sọ́dọ̀ àlùfáà tó gba ipò yín, mo sì wọlé lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá.

Wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rín náà wá, kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn. Nígbà tí mo dé ibi abẹ kẹta, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ìborùn nu ojú.

“Bàbá ẹ ì bá bínú o,” wọ́n ní.

Mo mọ̀. Ẹ bínú, Bàbá. Ẹ wá pariwo mọ́ mi lójú àlá tí mo bá sùn. Inú bíbí yín ni mo lè fara dà, kì í ṣe ìdákẹ́ yín.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ yín.